Kámẹ́rà Ẹnu Géètì

Títí di òní, bí mo bá gba iwájú ilé iṣẹ́ náà kọjá ní Ìkẹjà, ẹnu mi máa ń korò. Abọ́ ike ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, èmi sì ni mo ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn.

Ẹ̀rọ kan wà níbẹ̀ tí ìwà rẹ̀ burú. Bí wọ́n bá ti dá a dúró láti yọ abọ́ tó há sínú rẹ̀, ó lè ṣàdédé pa ẹnu dé fúnra rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan láti Ògbómọ̀ṣọ́, tí a jọ máa ń jẹun ọ̀sán, ló ń ṣiṣẹ́ nídìí rẹ̀. Wọ́n fẹjọ́ sun ọ̀gá títí ó fi sú wọn. Ọ̀gá ní irọ́ ni, ó ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n, àfi bí òun bá fojú ara òun rí i. Ẹ má bá mi wí pé mo ń pe ọ̀gá ní "ó". Ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lára mi.

Mo ní kí a gbé kámẹ́rà kọjú sí ẹ̀rọ náà. Ó gbà, ṣùgbọ́n ahun ni. Kàkà kó ra kámẹ́rà gidi, ó rán mi lọ sí Computer Village pé kí n ra mẹ́ta nínú àwọn kéékèèké tí wọ́n fi ń ṣèpàdé, kí n so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká kan ṣoṣo: ọ̀kan fún ẹ̀rọ, ọ̀kan fún ibi ìkẹ́rùsí, ọ̀kan fún géètì, níbi tí wọ́n ti ń tú àpò òṣìṣẹ́ wò.

Ihò kan ṣoṣo ló ṣì dára lára kọ̀ǹpútà náà, nítorí náà mo ra họ́ọ̀bù, ohun oníhò mẹ́rin tó dà bí ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n iná. Méjì tàn, ìkẹta dúdú. Mo yọ ọ́, mo tún un kì bọ̀ ọ́, mo pààrọ̀ wáyà. Èyíkéyìí tí mo bá fi ṣe ìkẹta kò ní tàn. Mo fi ìbínú padà lọ bá ẹni tó tà á, mo ní ayédèrú ló tà fún mi. Ó so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan níṣojú mi, gbogbo wọn tàn. Ìgbà yẹn ló yé mi. Ihò họ́ọ̀bù pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ni gbogbo wọn ń gbà wọlé, àwòrán ńlá mẹ́ta kò sì lè gba ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo dín àwòrán wọn kù, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì tàn.

Ẹ̀gbọ́n wá wò ó, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Kí ẹ̀rọ yìí wá ṣe é báyìí," ni wọ́n wí, "kójú ọ̀gá rí i."

Àfi bí ọ̀gá ṣe ní àwòrán géètì kéré jù, òun kò rí inú àpò àwọn èèyàn dáadáa. Mo ṣàlàyé pé bí a bá fẹ ti géètì, ọ̀kan nínú àwọn yòókù máa kú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó tún ihò kejì lára kọ̀ǹpútà ṣe.

"Yọ ti maṣíìnì," ló wí. "Maṣíìnì kì í jalè."

Mo ṣì ń wò ó nígbà tó nawọ́ fa wáyà náà yọ fúnra rẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀gá fi í sílẹ̀ níṣojú mi. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun ọ̀sán ọjọ́ náà.

Kò pẹ́ sígbà náà tí ẹ̀rọ pa ẹnu dé mọ́ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n. Láti ibi tí mo jókòó sí ni mo ti gbọ́ igbe wọn.

Nígbà tí ọkọ wọn wá, ọ̀gá ní àìfarabalẹ̀ ni, pé ìyàwó rẹ̀ kò dá ẹ̀rọ dúró kó tó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ilé iṣẹ́ kò sì ní tọ́jú rẹ̀. Ọkùnrin náà kò bá a jà. Ó yíjú sí mi, ó ní òun gbọ́ pé kámẹ́rà wà níbẹ̀.

Mo ṣí kọ̀ǹpútà náà. Ti ẹ̀rọ kò ní nǹkan kan nínú. Ti géètì ló wà, ó mọ́ kedere bí ọ̀gá ṣe fẹ́ ẹ. Ọkọ ẹ̀gbọ́n wò ó títí dé òpin: ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu géètì, aṣọ tí wọ́n fi wé ọwọ́ ń kán ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀ṣọ́ sì ń tú àpò rẹ̀ wò kó tó ṣílẹ̀kùn fún un.