Ahọ́n Họ́ọ̀nù Inú Agolo

Nígbà tí mo wà ní kékeré, họ́ọ̀nù méjì ló wà lórí ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò wa ní Ọ̀kà, àwọn méjèèjì kọjú sí òkè àpáta tó wà lẹ́bàá ìlú. Ẹ má rẹ́rìn-ín pé irú èmi náà ń sọ "nígbà tí mo wà ní kékeré". Mo mọ̀ pé irùngbọ̀n mi ò tíì kún, mo sì mọ̀ pé àwọn àgbà ló ń fi irú gbólóhùn yẹn bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó sá kúrò ní yunifásítì ní ọdún kejì, tó wá jókòó sí ìsọ̀ kótópó kan ní Ìkàrẹ́ láàárín irin tó ti dípẹtà, ó yẹ kó dàgbà níbì kan. Bí kò bá dàgbà nínú ọgbọ́n, kó dàgbà nínú ìrántí.

Bóyá ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò tiẹ̀ mọ họ́ọ̀nù tí mo ń sọ. Kì í ṣe ti mọ́tò o. Irin ni, ẹnu rẹ̀ fẹ̀ bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, àmọ́ ó tóbi débi pé ọmọdé lè ki orí bọ̀ ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí mo ti ki tèmi bọ̀ ọ́ rí, ó sì há. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ikùn rẹ̀ wà, ó wúwo bí òkúta, àwa oníṣẹ́ ń pè é ní yúníìtì. Tí ẹ bá ṣí ikùn yẹn, ẹ ó bá òòfà ńlá kan níbẹ̀, àti awẹ́ pánù róbótó kan tó fẹ́lẹ́ bí ìwé, tí wọ́n wé wáyà bàbà mọ́ lábẹ́. Awẹ́ yẹn ló máa ń gbọ̀n tí ohùn fi ń jáde. Wọ́n ní orúkọ gígùn kan fún un nínú ìwé. Bàbá tó ń tún wọn ṣe ní Ọ̀kà ò bá ìyẹn lọ. Ó ń pè é ní ahọ́n.

Ilé bàbá yìí ló tẹ̀ lé ilé ìyá mi àgbà, ẹni tí mo dàgbà sí lọ́dọ̀. Òun ló ń tọ́jú họ́ọ̀nù gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó wà lágbègbè wa. Wọ́n ń gbé e wá láti Ìkun, wọ́n ń gbé e wá láti Ugbè, nígbà mìíràn ilé agbọ́n ti dí ẹnu rẹ̀ pa, tàbí kí ọmọńlé ti yé ẹyin sínú rẹ̀. Bàbá á kọ́kọ́ bẹ ọmọńlé kó má bínú, kó jáde. Á wá fi ẹfun sàmì sí ìdí ìṣó kọ̀ọ̀kan kó tó tú u, kí kálukú lè padà sí àyè rẹ̀. Tó bá ti yọ ahọ́n, á mú páálí kékeré kan, á yí sẹ́lótéèpù mọ́ ọn, ibi tó ń lẹ̀ á wà níta, á rọra tì í bọ àlàfo tóóró tó yí òòfà ká. Tó bá fà á jáde, eruku irin á ti dúró lára rẹ̀ ṣánṣán bí irun ẹlẹ́dẹ̀. Kò gbà kí n fi ẹnu fẹ́ ẹ rí.

"Itọ́ ni ìpẹtà ń mu," bàbá á sọ. "Gbé ẹnu yẹn kúrò. Orí rẹ le ju òòfà lọ, àmọ́ kò fa nǹkan kan mọ́ra."

Òótọ́ ni. Àwọn olùkọ́ mi ní yunifásítì náà padà sọ ọ́ lọ́nà tiwọn.

Nǹkan kan wà tí bàbá máa ń ṣe tí mi ò tíì rí lọ́wọ́ oníṣẹ́ mìíràn. Kì í ju ahọ́n tó bá ti jó nù. Á fi bébà wé e, á fi pẹ́ńsù kọ orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ nígbà tó jó sára bébà náà, á wá kó o sínú agolo mílíìkì ńlá kan. Ahọ́n ladáànì kan láti Ìkàrẹ́ wà níbẹ̀. Ti wòlíì kan ní Ifira náà wà níbẹ̀, ẹni tó ń bá Sátánì jà pẹ̀lú ohùn tó ju agbára wáyà lọ. Bàbá ní ọ̀rọ̀ tí èèyàn ò parí kì í lọ síbì kankan, ibi tó ti já ló máa ń dúró sí.

Ìyàwó bàbá ló ń kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní ìdájí, a ó gbọ́ ìyá náà tí wọ́n á máa wí pé, "Ẹ jí o, ilẹ̀ ti mọ́ bá wa." Ohùn wọn á jáde lẹ́nu họ́ọ̀nù, á lọ gbá òkè, á padà wá bá wa lórí ẹní. Èyí tó ń padà bọ̀ kì í dà bí èyí tó lọ. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀, ó sì máa ń rọ̀, bíi pé obìnrin mìíràn wà nínú òkúta tó ń tún un sọ fún àwọn ará ibẹ̀. Lábẹ́ aṣọ ìyá mi àgbà ni mo máa ń wà títí obìnrin inú òkúta yẹn á fi dákẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá ní, "Ẹ jí o, ilẹ̀ ti..." Họ́ọ̀nù dún páá, ó dákẹ́. Ahọ́n ti jó. Bàbá pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, àmọ́ àìsàn ti dá ìyá wólẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọn ò sì dìde mọ́. Bàbá wé ahọ́n yẹn sínú bébà tirẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá kí i ló ń sọ fún pé tí òun bá rí wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó, òun á tún un wé, òun á dá a padà sínú họ́ọ̀nù, kí obìnrin náà lè parí ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Èmi ńkọ́? Mo ń kan mọ́tò. Agolo sadín-ìn ni mo fi ṣe bọ́dì rẹ̀, ìdérí ìgò mẹ́ta ni mo fi ṣe táyà, ó wá ku ẹyọ kan. Bàbá lọ sí oko. Mo wọlé, mo ṣí agolo mílíìkì, mo mú èyí tó wà lókè. Mi ò ní purọ́ fún yín pé mi ò mọ ohun tí mo mú. Mo ka bébà ara rẹ̀. "Ìyàwó mi" ló kọ síbẹ̀. Mo kà á geere, ó dára ju bí mo ṣe ka ìwé kankan lọ lẹ́yìn ìgbà yẹn, mo wá gbé e lé orí òkúta, mo kan ìṣó mọ́ ọn láàárín. Wáyà bàbà ara rẹ̀ ni mo fi ṣe okùn tí mo fi ń fa mọ́tò. Tí mo bá fà á gba orí òkúta, táyà yẹn á máa dún ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, àwọn mẹ́ta tó kù á dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀rù bà mí, mo ju gbogbo mọ́tò náà sí ẹ̀yìn ilé wa.

Bàbá wá ahọ́n náà títí. Ó tú agolo dà sórí ẹní, ó ka bébà kọ̀ọ̀kan. Ó wá pè mí.

"Ọmọ mi, o ò rí ahọ́n ìyá rẹ níbí?"

"Rárá, bàbá. Bóyá èkúté ló gbé e."

Bàbá wojú mi. "Èkúté," ló wí. "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì, bàbá gbé tàkúté dé. Láti ọjọ́ yẹn, tí mo bá ti ilé-ìwé dé, á pè mí kí n wá bá òun fi ẹja gbígbẹ sẹ́nu rẹ̀. Èkúté ń kú lóòótọ́. Bàbá á gbé e sókè ní ìrù, á bi mí pé, "Ṣé èyí ni?"

Èmi, ọlọ́gbọ́n ayé, á dá a lóhùn pé, "Kì í ṣe òun, bàbá. Èyí ti kéré jù, ẹnu rẹ̀ ò lè gba ahọ́n."

"Ó dáa. Jẹ́ ká tún dẹ ẹ́."

Ẹ̀rín máa ń pa mí tí mo bá délé. Mo rò pé bàbá ti gọ̀. Ọdún méjì gbáko la fi dẹ tàkúté yẹn, títí mo fi lọ sí ilé-ìwé girama ní Ìkàrẹ́, tí mo sì tibẹ̀ kọjá sí yunifásítì ní Àkùngbá. Àkùngbá ni mo wà tí wọ́n fi pè mí pé bàbá ti kú. Mo ní mi ò lè wá sí ìsìnkú torí mo ní ìdánwò. Mo ní ìdánwò lóòótọ́. Mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀.

Nígbà tí yunifásítì sú mi, tí èmi náà sú yunifásítì, iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ mi mọ̀ ni èyí tí bàbá kọ́ mi. Mo ń ha ìpẹtà, mo ń kun ẹnu họ́ọ̀nù, mo ń wé wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí ọmọ tuntun. Tí mo bá dá ahọ́n padà sí àyè rẹ̀, ó yẹ kí n fi ìka tẹ̀ ẹ́ wò, kí n dẹtí sí i bóyá wáyà ń ha òòfà. Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Bí mo ṣe ń dẹtí, mo máa ń gbọ́ "ilẹ̀ ti..." Físíìsì ni mo lọ kà tí mi ò kà parí. Mo mọ̀ pé pánù kì í tọ́jú ọ̀rọ̀. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa, mo sì ń gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí rédíò fi máa ń ké ní ìsọ̀ mi láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí àwọn èèyàn rò pé mo fẹ́ràn ìròyìn.

Ní ọyẹ́ tó kọjá yìí, ọmọbìnrin bàbá, tí mo ń pè ní àǹtí, wọlé sí ìsọ̀ mi. Àkúrẹ́ ni wọ́n ń gbé, wọ́n sì jù mí lọ dáadáa. Ọ̀kan nínú àwọn họ́ọ̀nù ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n gbé dání. Ṣọ́ọ̀ṣì ti ra àpótí dúdú tuntun tó ń gbé ohùn jáde, wọ́n fẹ́ kó àwọn họ́ọ̀nù àtijọ́ fún àwọn tó ń ra irin, àǹtí ní kí wọ́n fún òun. Ìrántí ọdún ikú bàbá ń bọ̀, wọ́n fẹ́ kí họ́ọ̀nù náà sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i ní Ọ̀kà.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe é. Mi ò ṣiṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo gbé e gun orí ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, mo kọjú rẹ̀ sí òkè bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, mo sọ̀ kalẹ̀, mo di gbohùngbohùn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ sí mú. Àǹtí dúró tì mí.

"Ahọ́n ìyá mi tó wà nínú agolo ńkọ́?" wọ́n bi mí. "Mo tú gbogbo rẹ̀ lẹ́yìn tí bàbá kú, mi ò rí i."

Ọ̀rọ̀ èkúté ti dé ẹnu mi. Ó ti dé eteetè mi, ẹ gbà mí gbọ́, ọdún mẹ́tàlá kì í jẹ́ kí irọ́ gbàgbé ọ̀nà. Àmọ́ nígbà tí mo lanu, ohun tí mo gbọ́ tí mo ń sọ ni, "Àǹtí, èmi ni. Kò sí èkúté kankan. Èmi ni mo jí ahọ́n ìyá yín, mo kan ìṣó mọ́ ọn, mo fi ṣe táyà mọ́tò."

Òkè Ọ̀kà wá dáhùn pé: "...táyà mọ́tò."

Mo ti tan gbohùngbohùn láìmọ̀. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi dúró. Ọlọ́kadà kan pariwo látòkèèrè pé, "A ti gbọ́ o, olè!" Ẹni tó ń tún họ́ọ̀nù ṣe, tí kò mọ ìgbà tó wà ní títàn. Ẹ wá rí ìdí tí wọn ò fi fún mi níwèé ẹ̀rí.

Àǹtí gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ mi, wọ́n pa á. Wọn ò bínú. Ì bá sàn fún mi ká ní wọ́n bínú.

"Bàbá mọ̀," ni wọ́n wí. "Wọ́n rí mọ́tò rẹ lẹ́yìn ilé yín kí wọ́n tó ra tàkúté rárá. Wọ́n ní wọ́n fẹ́ kó o rí àyè sọ ọ́ ni. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi ẹ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo jókòó sórí àpótí irinṣẹ́ mi.

"Kí wọ́n tó kú, wọ́n ní kí n bi ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré. Tí o bá purọ́, kí n fi ẹ́ sílẹ̀. Tí o bá jẹ́wọ́, kí n sọ fún ẹ pé èkúté náà ti kú, kó o lọ sinmi."

Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n wọlé lọ múra ìsìn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò tíì sinmi. Ayé ti yí padà. Àpótí dúdú ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ò lágbára tó láti dé òkè, fóònù kálukú ló ń jí i lábẹ́ pílò rẹ̀, obìnrin inú òkúta ò sì ní ọ̀rọ̀ tó fẹ́ tún sọ mọ́. Lónìí, tí ọmọdé bá ṣẹ èèyàn, á gba ohùn ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, á fi ránṣẹ́, tí ojú bá tì í, á yára pa á rẹ́. Nígbà tiwa, ẹsẹ̀ lo máa fi lọ, ojú lo máa gbé lọ. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ yẹn, mo dúró sẹ́nu ọ̀nà ìyá mi àgbà, mo rìn lọ sí ẹnu ọ̀nà bàbá, mo ń ka ìṣísẹ̀ mi. Mẹ́tàdínlógún péré ni. Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ọmọdé, bóyá ọgbọ̀n.