Ẹnu Aláàwẹ̀ àti Géèjì Ọkọ̀ Bàbá Mi

Bí òórùn bẹntiróòlù bá ti kàn mí nímú, ojú a máa tì mí. Wọ́n ní kí aláàwẹ̀ kan lanu ní gbangba, kí wọ́n lè gbóòórùn rẹ̀ bóyá ó ti fi ẹnu fa epo. Bàbá mi ló ní kó là á.

Ẹ̀gbẹ́dá là ń gbé nígbà náà, nígbà ọ̀wọ́n epo àwọn ọdún 1990, nínú ilé tí yàrá kọjú sí yàrá. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà sínú fúláàtì lè má mọ̀ ọ́n: bí ẹnì kan bá din ẹja níbẹ̀, gbogbo ilé ló máa fi imú jẹ ẹ́. Bàbá mi, akọ̀wé ìjọba, nìkan ló ní ọkọ̀. Ó tò fún epo ní Ìkọ̀tún láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ kí táǹkì tó kún. Ọwọ́ géèjì tó ń wọn epo wà lókè téńté nígbà tó wọlé. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ bí ẹni tí ibà dá.

"Wọ́n ti fa epo mi o!"

Ta ló jí lóru? Oṣù Ràmàdáánì ni. Bàbá Rààfíù, télọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń gbé ní òdìkejì wa, nìkan ló ń jí jẹ sààrì. Ó tún ní alùpùpù. Ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

"Bàbá Rààfíù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lanu."

"Ẹnu tèmi kẹ̀, Bàbá Títí? Mo gbààwẹ̀ o!"

"Ẹni tí kò fa epo kì í bẹ̀rù."

Ó là á. Ayálégbé kan tẹ imú sí i, ó fò sẹ́yìn: "Epo kọ́ jàre, ṣùgbọ́n táǹkì yìí náà fẹ́ fọ̀!" Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó télọ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Lọ́dọ̀ Ọlọ́run, òórùn yẹn ju lọ́fínńdà yín lọ."

Bàbá mi ní télọ̀ ti fọ epo kúrò lẹ́nu rẹ̀ ni. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn oníbàárà télọ̀ ti ń wá kó aṣọ wọn.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá mi ra epo kẹ́ẹ̀gì kan létí títì. Bó ṣe ń dà á sí táǹkì báyìí, epo ru jáde sórí bàtà rẹ̀. Táǹkì kún láti ìbẹ̀rẹ̀! Ó ká ìjókòó ẹ̀yìn sókè, ó tú ìdérí, ó fa bọ́ọ̀lù kékeré kan jáde, èyí tó máa ń léfòó lórí epo láti gbé ọwọ́ géèjì sókè. Ó ti lu, ó ti mu epo yó, ó sì ti rì. Bàbá mi mì í létí rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tòun ti aṣọ iṣẹ́.

Òórùn epo ti kó gbogbo ilé jáde. Ìyá onílé ní, "Ibi tí ẹ ti ní kó lanu lẹ ó ti bẹ̀ ẹ́ lọ́la. Lẹ́yìn náà, ẹ ó lọ sílé àwọn tó kó aṣọ wọn, ẹ ó fi ẹnu ara yín sọ fún wọn."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá mi dọ̀bálẹ̀. Bàbá Rààfíù gbé e dìde. Ṣùgbọ́n èrò tó wá wo ẹnu kò wá wo ìdọ̀bálẹ̀. Oníbàárà kan tí bàbá mi lọ bá nílé sì fún un lésì lẹ́nu ọ̀nà: "A ti gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n mo ti gbé aṣọ náà fún télọ̀ mìíràn." Kí Iléyá tó dé, ìdílé Rààfíù ti kó lọ sí Ìgandó.

Wọ́n ti wó ilé náà. Géèjì ọkọ̀ tèmi kì í ṣìnà. Síbẹ̀, bí nǹkan bá sọnù ládùúgbò, ẹni tó tètè jí la ṣì ń kọ́kọ́ wò lójú.