Ìborùn Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Funfun

Ọ̀bẹ tí mo fi ń tú okùn ìko lára àdìrẹ tí mo dì ló gé mi ní àtàǹpàkò lọ́jọ́ Ajé. Mo fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́, mo fi àkísà mímọ́ dì í, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Nígbà tó fi di ọjọ́ kejì, ìka náà ti wú, ó pọ́n, ó gbóná bí ẹ̀bà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí lẹ́yìnkùlé wa ní Aké, mo ń wò ó. Kì í ṣe ìka ni mo ń rò. Ọmọ ọmọ mi ni mo ń rántí.

Ọwọ́ mi ló dàgbà sí. Ìyá rẹ̀ gbé e wá bá mi nígbà tó já a lẹ́nu ọmú, nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe ní Ìbàdàn, kò sì padà wá gbé e mọ́. Láti kékeré ló ti ń bá mi di aṣọ. Ìka rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ìdì rẹ̀ máa ń le ju tèmi lọ. Nígbà tó wọ yunifásítì ní Alábàtà, gbogbo ọ̀sán Jímọ̀ ni mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà: "Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ sè?" Á ti ra àgbàdo fún mi ní Òṣíẹ̀lẹ̀, á sì ti jẹ ìdajì rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ní ọdún tó fẹ́ jáde, ó ní òun máa dúró níwájú àwọn olùkọ́ láti ṣàlàyé bí ara ṣe ń mọ̀ pé kòkòrò àrùn ti wọlé. Ó fẹ́ kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi. Ó ní tó bá lè yé èmi, kò sí olùkọ́ tí òun ò lè kojú. Mo ní kó máa wí, kó ṣáà máa bá mi sá aṣọ.

Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà nínú ara tí wọ́n bí mọ́ wa. Kì í ṣe àwọn tí abẹ́rẹ́ àjẹsára ń kọ́ níṣẹ́. Àwọn yẹn máa ń pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbọ́n. Àwọn tí wọ́n bí mọ́ wa kì í dúró gba ẹ̀kọ́, lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń dìde. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ kòkòrò tí wọn ò rí rí. Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í to ọ̀rọ̀ gígùn gígùn. Mo dá a dúró. Mo ní, "Bí wọ́n bá kó aṣọ wá sí ọjà wa ní Ìtòkú, tí wọ́n ní àdìrẹ ni, ṣé mo mọ ẹni tó ṣe é?"

Ó ní rárá.

"Kí ni mo máa ń ṣe?"

"Ẹ máa ń yí i padà."

Aṣọ tí a dì, tí a pa láró, aró a máa mu ún dé ẹ̀yìn. Èyí tí ẹ̀rọ tẹ̀, iwájú nìkan ló mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ á funfun. Aṣọ tútù tó wà lọ́wọ́ ọmọ náà ń kán sí i lẹ́sẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yẹn ò mọ orúkọ kòkòrò kankan. Ohun tí a fi dá ara kòkòrò, tí kò lè bọ́ sílẹ̀, tí kò sì sí lára tiwa, òun ni wọ́n ń fọwọ́ bà. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ló ṣòro mú jù, nítorí inú ilé wa, nínú ara wa gan-an, ló ti ń rí aṣọ wọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀ṣọ́ fi wà nínú yàrá pàápàá, ìyẹn inú sẹ́ẹ̀lì ara wa, tí wọ́n ń ṣọ́ ohun tó bá wà níbi tí kò yẹ kó wà. Bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ké sí aládùúgbò, ara á gbóná.

"Màmá, ibà kọ́ ni àrùn náà o. Ara ló mọ̀ pé àjèjì wọlé."

Mo ní mo ti gbọ́, kó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrò nínú aró mi.

Ó yege. Ìwé náà ló gbé e lọ sí ìlú òyìnbó. Ọdún kẹta rè é. Jímọ̀ ń dé, Jímọ̀ ń lọ, ẹnu ọ̀nà dákẹ́. Mo ṣì máa ń se oúnjẹ ẹni méjì kí n tó rántí.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú kí ọ̀bẹ tó gé mi ló fi fọ́tò kan ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó dúró nínú òtútù, ó ń rẹ́rìn-ín, ìborùn aláró kan wà lọ́rùn rẹ̀. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Lẹ́yìn náà ni mo rí i pé àwọn òrùka ara aṣọ náà dọ́gba jù, kò sí ọ̀kan tí ọwọ́ ti rẹ ẹni tó dì í. Atẹ́gùn ti ṣí etí ìborùn náà kan. Ẹ̀yìn rẹ̀ funfun.

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ lè ní ìborùn lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ọwọ́ yẹn bá ti gbàgbé ohun tí mo fi kọ́ ọ, kí ló kù tí yóò mú un padà wá sílé? Ó pè lẹ́ẹ̀mejì, mo ní mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ìka ló mú mi pè é. Nọ́ọ̀sì àdúgbò wa ti wò ó, ó ti fún mi lóògùn, ṣùgbọ́n mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ mi. Ó bi mí ibi tí pípọ́n rẹ̀ dé, ó bi mí bóyá òtútù ń mú mi, ó ní kí n lo oògùn náà tán. Ó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ti wà lẹ́nu iṣẹ́. N ò lè pa á mọ́ra mọ́.

"Ìborùn ọrùn rẹ yẹn, ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́."



"Mo mọ̀, Màmá. Mo yí i padà kí n tó rà á. Ẹni tó ń tà á ń wò mí bíi wèrè."

"O sì rà á?"

"Òkèèrè ni mo ti rí i, ó jọ tiwa, gbogbo ara mi gbóná. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tiwa. Mo rà á bẹ́ẹ̀ náà."

Ó bi mí bóyá mo ń sunkún. Mo ní aró ló ta sí mi lójú. Ó ní ṣé inú yàrá tí mo ní mo wà ni mo ti wá ń pa aṣọ láró báyìí.

Ìka mi ti san. Ìborùn kan wà lórí okùn lẹ́yìnkùlé. Èmi ni mo dì í, pẹ̀lú àtàǹpàkò tí kò tíì le dáadáa; àwọn òrùka rẹ̀ kan kéré, àwọn kan wọ́. Láàárọ̀ yìí ni mo yí i padà wò, aró dé ẹ̀yìn. Ẹnì kan tó ń lọ sí òkè òkun lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ti ní òun á bá mi mú un dání. Bí ó bá dé ọwọ́ ọmọ mi, mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe sí i.