Ògiri Tí A Kùn fún Sinimá

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ní agbo ilé wa nísàlẹ̀ Màpó, ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ kan tó fi jẹ́ pé ètè gbogbo wa ló sán. Kùrukùru bo orí òkè, a ò rí gbọ̀ngàn Màpó rárá. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni ìyá mi kó ẹfun sínú abọ́ ńlá, tí wọ́n ní àwọn máa kun ògiri àgbàlá kí àwọn náà lè wo sinimá.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Ẹlẹ́hàá ni ìyá mi àti ìyàwó kejì bàbá mi. Gbogbo èèyàn ń lọ wo sinimá ní pápá, àwọn ò gbọdọ̀ dé àárín èrò. Àbúrò ìyá mi ń bá ọ̀gá kan gbé ẹ̀rọ sinimá kiri, ó sì rí i yá fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Bàbá mi ní, "Mi ò ní kí ẹ má wò ó. Mo ní kí ẹ má jáde." Ìyá mi ní, "Ó dáa, baálé mi. Sinimá ló máa wọlé."

Wọ́n po ẹfun mọ́ sítáàṣì kó má baà máa yí ni lọ́wọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta la kùn ún. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ gbọ́: nígbà yẹn, ilé tí ògiri rẹ̀ kò bá dán, wọ́n á ní ọ̀lẹ ni ìyàwó ibẹ̀. Làwa bá mú ọta odò, a fi ra ògiri náà títí ó fi ń kọ mànà bí abọ́ tánganran.

Àṣìṣe wa nìyẹn. Nígbà tí a kírun mọ̀gàríbì tán, tí àbúrò ìyá mi tan ẹ̀rọ, ìmọ́lẹ̀ kàn ta padà sí wa lójú ni. A ò rí àwòrán kankan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti jẹ́ kó dán jù! Ògiri ni mo ní kí ẹ kùn, ẹ wá sọ ọ́ di dígí!"

Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀rọ á padà sọ́dọ̀ ọ̀gá. Bí a ò bá rí sinimá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó parí nìyẹn. Ìyá mi ò kánjú. Wọ́n bu eérú tútù nídìí àdògán, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n ki àkísà bọ̀ ọ́.

"Háà, ìyáálé mi! Eérú kẹ̀? Kí làwọn èèyàn máa wí?" Ìyàwó kejì ló ń sọ̀rọ̀.

"Èèyàn wo? Ṣé wọ́n máa ń wọlé wá wo ẹlẹ́hàá ni?"

Ìyá mi fi eérú pa gbogbo dídán náà. Ọyẹ́ mú un gbẹ kíá. Àwòrán bá yọ: òkun, ọkọ̀ ojú omi, obìnrin kan lórí kẹ̀kẹ́. Ìyàwó kejì ká ẹsẹ̀ sókè, ó ní, "Ẹ sún sẹ́yìn o, omi ń bọ̀!" Ìyá mi, tí wọn ò tíì fojú kan Bẹẹrẹ tó wà nítòsí wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti wọlé ọkọ, ń wo òkun.

Bó ṣe parí, bàbá mi, tí àwọn náà ti wò ó látìbẹ̀rẹ̀ dópin, dìde. "Ó tó. Lọ́la, ẹ fi amọ̀ pa ògiri yẹn bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kó má dàṣà."

Lónìí, ọmọ ọmọ mi obìnrin ra ẹ̀rọ sinimá tí kò tóbi ju búrẹ́dì lọ, ó ń kun ògiri pálọ̀ rẹ̀. Mo ní kó má ra pẹ́ǹtì tó ń dán, kó kán dúdú díẹ̀ sínú funfun. Kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ní ayé ló yí. Irọ́ ni. Ayé kì í dá yí, àwọn kan ló ń tì í.

Ọjọ́ kejì sinimá wa, bàbá mi rán mi ní amọ̀. Ọjà'ba ni mo gbà lọ. Owó àkàrà mi ni mo fi ra ẹfun dípò amọ̀, mo rù ú bọ̀, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ ògiri náà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó.