Ìyá Oyin Ẹ̀yìn Ilé Ìdáná

Ọdún kejì rèé tí Hilario Canché ti ń dá din tọtíyà, àkàrà àgbàdo pẹlẹbẹ, tó sì ń dá a jẹ. Eulalia ìyàwó rẹ̀ ti kú. Rebeca, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ń gbé ní ìlú Mérida, kì í sì í mú ọmọ rẹ̀ wá kí bàbá mọ́, nítorí oyin bàbá ti ta ọmọ náà dé ọsibítù. Ó ti sọ ọ́ gbangba pé ọjọ́ tí oyin yẹn bá níwà làwọn máa tó wá.

Gaspar, aládùúgbò tí òun náà ń sin oyin, ló fọ̀nà hàn án. Ó ní ẹni bíni là á jọ: kí Hilario pa ìyá oyin tó ń bí oníjà, kó fi ìyá oníwà tútù rọ́pò rẹ̀. Tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, àwọn ọmọ ti àtijọ́ á ti kú tán, àwọn jẹ́jẹ́ á gbalé.

Hilario ra ìyá tuntun sínú àpótí ńlá tí oyin rẹ̀ ń gbé o, àmọ́ kò lè pa ti àtijọ́. Eulalia ló kùn kútẹ́ẹ̀sì pupa sí i lẹ́yìn, kí wọ́n lè máa tètè rí i. Ni bàbá bá dá ọgbọ́n òmùgọ̀: ó kó ìyá àtijọ́ àti díẹ̀ nínú àwọn ọmọ rẹ̀ sí àpótí kékeré, ó gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé ìdáná. Láràárọ̀ ló ń jókòó tì í, tó ń bá a sọ̀rọ̀. Ìdáwà ò dáa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà pé, àpótí ńlá rọ̀ wọ̀ọ̀. Rebeca ní àwọn ń bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ní Sátidé, Hilario ń gbálẹ̀ dè wọ́n, ìgbálẹ̀ kan àpótí kékeré. Oyin ya jáde. Òórùn bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n gba afẹ́fẹ́, èyí tí oyin fi ń pe ara wọn sí ìjà. Làwọn jẹ́jẹ́ inú àpótí ńlá náà bá tú jáde, wọ́n bò ó.

Gaspar fi èéfín gbà á sílẹ̀. Nígbà tó rí ìyá oyin pupa, ó mi orí.

“Àgùntàn tó bá ajá rìn á jẹ ìgbẹ́. O kó oníjà ti àwọn ọmọlúàbí, o wá rò pé wọn ò ní kọ́ ọ?”

Ojú Hilario méjèèjì ti wú pa. Ó ní kí Gaspar fi ìyá oyin náà sí òun lọ́wọ́, ó sì fi ìka ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ pa. Lẹ́yìn náà ló ní kó bá òun pe Rebeca.

“Ẹ má wá lọ́la, ọmọ mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí i.”

Rebeca dá a lóhùn. “Bàbá, a fẹ́ wá dágbére fún yín ni. Mọ́ńdè la ń kó lọ sí Monterrey. Mi ò fẹ́ sọ ọ́ lórí fóònù.”

Bàbá ní kò burú, kí wọ́n máa lọ ire. Gaspar jókòó tì í, ó ń yọ oró oyin lójú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Hilario bi í bóyá Monterrey jìnnà. Gaspar ní ó jìnnà.