Bí Àbúrò Mi Ṣe Kọ́ Pọ́ṣọ́ọ̀pù Kó Tó Lọ Bẹ Àna Rẹ̀

Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, mo ní ó parí, n óò máa sùn títí oòrùn yóò fi wọlé bá mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Irọ́ ni mo pa fún ara mi. Àràárọ̀ ni àbúrò mi, Oyèníyì, ń jí mi. Ẹ̀yìn fèrèsé mi gan-an ló máa dúró sí, á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ti ògiri ilé bàbá wa ní Ọ̀wọ̀, á tẹ̀ síwájú, á ti ara rẹ̀ padà, á máa mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀.

"Oyèníyì, kí ni ògiri fi ṣe ọ́?"

"Sísítà mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín. Tí mo bá rẹ́rìn-ín, agbára mi á lọ."

Agbára wo? Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀, tí ikùn rẹ̀ ń ṣíwájú rẹ̀ wọ ọ́fíìsì. Ó ní òun ń kọ́ pọ́ṣọ́ọ̀pù, eré ìdárayá tí àwọn sójà máa ń ṣe, tí wọ́n á dojú bolẹ̀, tí wọ́n á fi ọwọ́ ti ara wọn sókè. Ẹ má rò pé ó fẹ́ ṣe sójà. Ìyàwó rẹ̀ ló fẹ́ lọ bẹ̀ kó padà wálé. Bí ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣe pàdé, ẹ fara balẹ̀. Ó rẹ̀ mí, díẹ̀díẹ̀ ni n óò sọ ọ́.

Ọkadà ló gbé Oyèníyì ṣubú lójú ọ̀nà Ute, nígbà tó ń ti ibi ìsìnkú bọ̀. Egungun itan rẹ̀ dá, èjìká yẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ fún bí ọdún kan. Ní gbogbo àkókò yẹn, Ọmọ́lẹ́yẹ ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e. Obìnrin kékeré ni Ọmọ́lẹ́yẹ o, kò ga dé èjìká ọkọ rẹ̀. Òun náà ló ń gbé ọkùnrin sísanra yẹn dìde kó lè jẹun, òun ló ń gbé e lọ wẹ̀, òun ló ń gbé e lọ sí ilé ìyàgbẹ́, tọ̀sán-tòru. Dùnsìn, ọmọ wọn kan ṣoṣo, wà lẹ́nu iṣẹ́ l'Ékòó. Èmi tí mo wà nílé, orúnkún mi kò jẹ́ kí n lè gbé ohun tó ju ìkòkò ọbẹ̀ lọ.

Nígbà tó wá lè fi ọ̀pá rìn, a ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. A jó dé iwájú pẹpẹ. Oyèníyì gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ará, n kò ní olùrànlọ́wọ́ kankan. Èmi àti Ọlọ́run mi nìkan ni. Bí mo ṣe ń ṣubú ni mo ń dá dìde." Gbogbo ìjọ ní halelúyà. Ọmọ́lẹ́yẹ wà lẹ́yìn rẹ̀ gẹ́lẹ́, ó gbé igbá ọrẹ dání. Mo wojú rẹ̀, inú mi bàjẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó kó aṣọ rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Uso.

Mo sọ fún Oyèníyì pé ẹni tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn. Ó ní kí n yéé pòwe fún òun, òun kì í ṣe ọmọ kíláàsì mi.

Tí ìyàwó bá kó lọ sílé bàbá rẹ̀, ẹbí ọkọ ló máa lọ bẹ̀bẹ̀. Obìnrin á kúnlẹ̀, ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì òde òní ti sọ ìdọ̀bálẹ̀ di kí wọ́n tẹ̀ ba díẹ̀, kí wọ́n fi orí ìka kan ilẹ̀. Ẹ má gbé ìyẹn dé iwájú bàbá Akínwọlé, bàbá Ọmọ́lẹ́yẹ. Kátíkíìsì ni bàbá náà nígbà tó ṣì lágbára. Nílé tirẹ̀, àyà ni àna fi ń kan ilẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dìde àfi tí bàbá bá ní kó dìde.

Nígbà tí èmi àti Oyèníyì dé Uso, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. Ìyẹn kò ṣòro, ara tó wúwo mọ ọ̀nà ilẹ̀. Bàbá ní, "Dìde." Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ó fọwọ́ ti ilẹ̀, ó padà sílẹ̀. Ó tún gbìyànjú, agbádá bò ó lórí. Àwọn ọmọdé tó wà lẹ́nu ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ni ilẹ̀kùn yàrá bá ṣí. Ọmọ́lẹ́yẹ jáde, kò wo ẹnikẹ́ni lójú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá ọkọ rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nílé. Mo ní nínú ọkàn mi pé ọpẹ́ o, ọ̀rọ̀ ti parí. Àfi bí òmùgọ̀ àbúrò mi ṣe já ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ dànù.

"Fi mí sílẹ̀! Mo lè dá dìde."

Ọmọ́lẹ́yẹ padà wọlé. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló wá fa Oyèníyì sókè. Bàbá wò ó títí, ó ní, "Máa lọ sílé ná, Oyèníyì. Ìgbà tí o bá mọ ohun tí o wá bẹ̀, kí o padà wá."

Ohun tí bàbá sọ nìyẹn, etí mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ni Oyèníyì gbé délé. Ó ní ìtìjú ìdìde yẹn ló ba nǹkan jẹ́, pé bí òun bá ti lè dìde bí ọkùnrin, ìyàwó òun á padà. Mo ṣàlàyé títí ẹnu mi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Nígbà tó sú mi, mo fi í sílẹ̀.

Kúlísúmù, ọmọ Ìsẹ́yìn tó háyà yàrá nílé wa, ló ń kọ́ ọ. Ọsibítù lòun ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń kọ́ àwọn tí egungun wọn dá bí wọ́n ṣe máa tún lo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Oyèníyì kò dúró gbọ́ ẹ̀kọ́, ó sọ ara rẹ̀ lulẹ̀, ó fi àgbọ̀n gbá a. Kúlísúmù kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ò lè bá ilẹ̀ jà báyìí. Ara ògiri lẹ ó ti bẹ̀rẹ̀. Tí ògiri bá ti rọrùn, ẹ wá sí etí tábìlì. Tí tábìlì bá rọrùn, ẹ wá sórí bẹ́ǹṣì. Bí ibi tí ẹ ń tì bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ara yín á ṣe máa wúwo sí i lọ́wọ́ yín."

Ó ní kó má gbé ìdí sókè, kó má jẹ́ kí ikùn sọ̀, kí ara gún láti orí dé gìgísẹ̀. Ó ní kó rọra máa lọ sílẹ̀, kó má kàn já lulẹ̀, nítorí ìsọ̀kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni iṣan fi ń kọ́ agbára. Ó ní kó máa mí síta tó bá ń ti ara rẹ̀ sókè, kó sì máa fún ara nísinmi, kó má ṣe é lójoojúmọ́. Oyèníyì gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ń ṣe é lójoojúmọ́, títí èjìká fi wú. Ó tún padà sídìí ògiri.

Báyìí ni òjò ṣe tán, tí ọyẹ́ wọlé. Ó ti tábìlì ìjẹun mi títí ẹsẹ̀ tábìlì náà kan fi yẹ̀. Ó gbé bẹ́ǹṣì mi jáde, kò gbé e wọlé mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá sórí ẹní, ó fi orúnkún kanlẹ̀, ó ń ti àyà nìkan. Ó ní kí n máa se ẹ̀wà àti ẹyin fún òun kí iṣan òun lè le. Èmi tí mo ń se é, tí mo ń gbálẹ̀ yàrá rẹ̀, tí mo ń fọ aṣọ tó làágùn sí, ta ló bi mí bí iṣan tèmi ṣe wà? Mo ní kó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù, kó kí i lásán. Ó ní kò tíì yá. Ojoojúmọ́ ni kò tíì yá.

Ṣùgbọ́n n kò lè bínú sí i tán. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ mìíràn, á ti ibi iṣẹ́ dé, á nà sórí ẹní náà, á gbé àyà sílẹ̀, kò ní lè gbé e kúrò níbẹ̀. "Sísítà mi, ó rẹ̀ mí. Ilé yìí ti tóbi jù." Mo máa jókòó tì í. Àánú rẹ̀ ń ṣe mí, inú sì ń bí mi sí i, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó pè mí jáde. Ó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, orúnkún kò kan ilẹ̀. Ó rọra lọ sílẹ̀ títí àyà fi kan ẹní. Ó mí síta, ó sì ti ara rẹ̀ gòkè, ó dé òkè pátápátá. Kúlísúmù pàtẹ́wọ́. Oyèníyì jókòó sílẹ̀, ó ń sunkún. Ó ní, "Sísítà mi, mo ti lè lọ."

A ra iṣu, a wọ ọkọ̀, a dé Uso. Oyèníyì dọ̀bálẹ̀ fún bàbá Akínwọlé, àyà kan sìmẹ́ńtì. Bàbá ní, "Dìde." Ó dìde. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó gbọn agbádá rẹ̀, ó sì yíjú sí ilẹ̀kùn yàrá. Ilẹ̀kùn kò ṣí.

Bàbá ní, "O káre. Mo rí i pé agbára ti dé. Ìyàwó rẹ wà nínú yàrá, ṣùgbọ́n kò lè jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti kọṣẹ́. Dókítà ní ẹrù tó wúwo jù ú lọ ló ti ń gbé fún ìgbà pípẹ́. Òun ló ní ká má sọ fún yín."

Kò sí ẹni tó béèrè ẹrù tó gbé. A wọlé. Ọmọ́lẹ́yẹ wà lórí ẹní, ó ti rù. Nígbà tó rí mi, ó gbìyànjú láti kúnlẹ̀ kí èmi ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, kò lè ṣe é. "Ẹ káàbọ̀, Sísítà mi. Ẹ má bínú." Omi bọ́ lójú mi. Ó ní òun fẹ́ lọ sẹ́yìnkùlé, pé kí a bá òun pe ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun.

Oyèníyì ní, "Èmi wà níbí." Ó bẹ̀rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó fi gbogbo agbára tó ti ń kó jọ láti ìgbà òjò fà á. Ọmọ́lẹ́yẹ ké. Oyèníyì jù ú sílẹ̀, jìnnìjìnnì bò ó.

Nígbà tó mí délẹ̀, Ọmọ́lẹ́yẹ ní, "Bàbá Dùnsìn, gbogbo ìgbà tí mo fi gbé yín, ẹ ò wo ibi tí mo ń fọwọ́ sí?"

Ọkùnrin náà ní, "N ò wò ó, Ìyá Dùnsìn. N ò wò ó rárá. Jọ̀ọ́."

"Ẹ kúnlẹ̀ ná. Ọwọ́ kan sábẹ́ apá mi, èkejì sí ẹ̀yìn mi. Ẹ má tíì gbé mi. Ẹ jẹ́ kí n mí."

Ó kúnlẹ̀, ó dúró dè é. Wọ́n ṣe é, kò ṣe déédéé, wọ́n tún un ṣe títí Ọmọ́lẹ́yẹ fi dìde. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, tí mo ti di ìdì mi, mo bi Ọmọ́lẹ́yẹ bóyá a lè gbé ọkọ̀ wá mú un lọ sílé. Ó mi orí.

Ó ní, "Ẹ fi Bàbá Dùnsìn sílẹ̀ níbí fún mi ná, Sísítà mi. Kò tíì mọ èèyàn gbé."

Èmi nìkan ni mo wọ ọkọ̀ padà sí Ọ̀wọ̀.