Ta ni "wọ́n" tó yẹ irin wò?

Ọmọ yunifásítì dá iṣẹ́ mi dúró lónìí, ìfẹ́ rẹ̀ sì tún kún inú mi sí i.

Iṣẹ́ ẹnjiníà ni Síkẹ́mi ń kọ́, ọ̀dọ̀ èmi tí mo ń bá èèyàn kọ́lé ní Awoyaya ni ilé ìwé rẹ̀ ní kó ti wá kọ́ṣẹ́ fúngbà díẹ̀. A fẹ́ da kọnkéré sórí irin dẹ́kìn, ìyẹn àjà òkè, ilé ìyá kan. Mo ní kó tètè kọ̀wé sí ìyá náà: "Wọ́n ti yẹ irin wò, ó dáa."

"Àǹtí, àwọn wo ni 'wọ́n'?"

"Kọ ọ́ jàre! Kọnkéré tí a pò ti ń gbẹ!"

"Ẹ má bínú, mà. Èmi ò yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ̀yin náà ò yẹ̀ ẹ́ wò. Tí dẹ́kìn bá já, ṣé 'wọ́n' ni ọlọ́pàá máa mú?"

Ẹ̀rín pa mí. A gòkè lọ wò ó. Igun kan wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì fi wáyà di irin rẹ̀ pọ̀!

Ta ló lè bá mi bẹ ilé ìwé rẹ̀ kí wọ́n fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi?